Àǹtí Abẹ́rẹ́ àti Ihò Kọkàndínlógójì

Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Abẹ́rẹ́, tó gbójú sókè wo pẹpẹ tó wà lókè ẹ̀rọ ìránṣọ, á rò pé aṣọ ọmọ tuntun ló tò síbẹ̀. Aṣọ kéékèèké ni lóòótọ́. Òmíràn ní àpò, òmíràn ní bọ́tìnnì mẹ́ta níwájú, òmíràn sì ní léèsì lọ́rùn. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ kankan nínú wọn. Ẹ̀rọ géèmù ló wọ̀ wọ́n, ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ mọ́kàndínlógún, tí èyí tó kéré jù nínú wọn ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Olúkúlùkù ni obìnrin yìí wọ̀n níbùú àti lóòró, tó gé aṣọ tirẹ̀, tó sì rán an kí eruku má bàa ráyè wọlé. Bí o bá bi í léèrè ìdí tó fi fi léèsì sí ọ̀kan, á ní ọlọ́jọ́ orí ni, kò dáa kó wà níhòòhò.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ti rẹ́rìn-ín kí ẹ tó dé, wọ́n sì wá jókòó sídìí páàdì tí a fi ń tẹ géèmù títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Olùkọ́ kan tó wá mú ṣòkòtò rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan gbàgbé ṣòkòtò náà síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, àmọ́ kò gbàgbé láti máa padà wá lójoojúmọ́.

Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta ni Àǹtí Abẹ́rẹ́. Kò ga, kò sanra, ojú rẹ̀ sì mú débi pé kò lo gíláàsì rí láti fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Aṣọ ilé ìwé, kọ́tìnnì àti ṣòkòtò ló ń rán. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ pẹ́dà ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹsẹ̀ náà kò sì mọ ìgbà tí iṣẹ́ parí mọ́. Bó bá jókòó ní báńkì, ẹsẹ̀ á máa tẹ ilẹ̀. Bó bá wà ní ìpàdé àwọn onílé, ẹsẹ̀ á máa tẹ ilẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń bi í pé, "Àǹtí, kí lẹ tún ń rán lábẹ́ tábìlì yẹn?" Á wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni wo ọmọ aládùúgbò tó ń ṣe ìjàngbọ̀n, á sì fi ọwọ́ tẹ orúnkún mọ́lẹ̀.

Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló máa ń fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ. Nígbà náà ló máa ń tan tẹlifíṣọ̀n, kì í ṣe pẹlẹbẹ tòde òní o, èyí tó yọ ẹ̀yìn gọngọ bí ẹni pọn ẹrù. Àwọn ẹlòmíràn máa ń fi ìbínú ṣe géèmù, tirẹ̀ yàtọ̀. Teépù tó fi ń wọn àyà oníbàárà ló máa ń nà sójú gíláàsì tẹlifíṣọ̀n láti mọ bí ọ̀gbun inú géèmù ṣe fẹ̀ tó, á sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ìwé kan náà ni o! Lójú ewé kan: "Ìyàwó dókítà, àyà ogójì, ìbàdí mẹ́rìnlélógójì." Lójú ewé kejì: "Ọkọ̀ pupa, ìpele kẹjọ, afárá fẹ̀ ní ínṣì mẹ́ta, má sáré." Bó ṣe gé ṣòkòtò ọ̀gá ilé ìwé kan mọ́ ìwọ̀n òkè inú géèmù nìyẹn. Ọkùnrin náà wọ̀ ọ́, ó mọ sí orúnkún. Àǹtí Abẹ́rẹ́ rán òmíràn fún un, ó sì tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n kò ya ìwé náà sọ́tọ̀. Ó ní ìwọ̀n ni ìwọ̀n ń jẹ́.

Òfin kan ṣoṣo ló wà ní ṣọ́ọ̀bù náà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹnu fẹ́ kásẹ́ẹ̀tì géèmù. Gbogbo àwa tí a ṣe géèmù nígbà èwe la máa ń fẹ́ ẹ, fùù, bí ẹni fẹ́ iná, bí a bá sì tì í bọ ẹ̀rọ, tó bá ṣiṣẹ́, a ó ní èémí wa ló ṣe é. Irọ́ gbáà. Itọ́ la ń fẹ́ sí i, itọ́ ló sì ń mú kí irin inú rẹ̀ dípẹtà. Òwú àti sípírítì ni Àǹtí Abẹ́rẹ́ fi ń nù ún, jẹ́jẹ́, bí ẹni nu etí ọmọ.

Ìyá rẹ̀ ló fa gbogbo rẹ̀. Ọmọ méjì péré ni ìyá náà bí, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin àti àbúrò obìnrin, ọdún mẹ́ta ló sì wà láàárín wọn. Ọmọ ọdún méjìlá ni obìnrin yìí nígbà tí bàbá wọn gbé ẹ̀rọ géèmù kan wálé láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ tó ń kó lọ sí ìlú mìíràn. Ẹ̀rọ kan, kásẹ́ẹ̀tì kan, páàdì kan. Ọmọ méjì. Ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìjà òwúrọ̀, ìjà ọ̀sán. Alágbàfọ̀ ni ìyá wọn, kò ráyè ẹjọ́. Lọ́jọ́ kan ó wọlé tòun ti ìfófòó ọṣẹ lọ́wọ́, ó fi páàdì sáàárín wọn.

"Ìwọ, di apá ọ̀tún mú. Ìwọ, di apá òsì mú. Ẹni tí mo bá tún gbọ́ ohùn ẹ̀, inú omi ọṣẹ ni màá rẹ ẹ̀rọ yẹn sí."

Ẹ̀gbọ́n ló gba ọ̀tún, nítorí òun ni ẹ̀gbọ́n. Awakùsà ni wọ́n pe géèmù náà, torí wọn ò lè ka èdè tó wà lára rẹ̀. Ọkùnrin kékeré kan tó gbé àtùpà sórí ló ń ti inú ihò kan bọ́ sí òmíràn, ogójì ihò ló sì wà níbẹ̀. Apá òsì páàdì ló ń mú un rìn, apá ọ̀tún ló ń mú un fò. Báyìí ni ọmọ méjì ṣe ń jókòó ní èjìká sí èjìká, tí ẹnì kan ń rìn, tí ẹnì kejì ń fò, tí awakùsà sì jẹ́ ènìyàn kan ṣoṣo. Wọ́n bá a dé ihò kọkàndínlógójì. Ọ̀gbun kan wà níbẹ̀ tí pákó kan ń lọ tó ń bọ̀ lórí rẹ̀, wọn ò sì kọjá ibẹ̀ rí. Bí awakùsà bá já sí ọ̀gbun, ẹ̀gbọ́n á ní, "Ìrìn ẹ ló pẹ́." Bó bá kọjá ibi tó le, ẹ̀gbọ́n yìí kan náà á fò dìde, á na ọwọ́ méjèèjì sókè: "Ẹ rí bí mo ṣe fò!" Àbúrò kì í sọ nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n.

Nígbà tí wọ́n kó kúrò nílé yẹn, ẹ̀rọ náà sọnù sínú ẹrù. Ẹ̀gbọ́n lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà, kò wẹ̀yìn wò. Àbúrò lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò kúrò létí ọ̀gbun yẹn. Ọdún mọ́kànlá ló fi wá Awakùsà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù, ìsàlẹ̀ páálí kan tó kún fún ọmọrí ìkòkò ló sì ti bá a. Ó bú sẹ́kún. Ẹni tó ń tajà rò pé àkekèé ló ta á. Láàárín ọdún mọ́kànlá náà, gbogbo ẹ̀rọ tí kò wá ló ń rí, kò sì lè fi wọ́n sílẹ̀ fún eruku; bó ṣe di oní-mọ́kàndínlógún nìyẹn.

Ohun tó dùn ún ni pé, nígbà tí Awakùsà wá wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ọ̀gbun ọjọ́sí náà ló tún ń já sí. Òun nìkan ló ń di òsì àti ọ̀tún mú báyìí. Òsì mọ iṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ àtàǹpàkò ọ̀tún máa ń pẹ́. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó wá báun di ọ̀tún mú.

"Èmi? Káfíńtà tó ní ọmọṣẹ́ mẹ́fà? Kí n wá jókòó máa tẹ géèmù? Ó tì o."

Ọdún gorí ọdún lẹ́yìn ìyẹn. Ní oṣù keje ọdún kan, bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń fá ilẹ̀kùn kan lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kàn rọ, irinṣẹ́ bọ́, òun náà sì tẹ̀ lé e bọ́ sílẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ló mú. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì sọ fún un pé ara lè padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, bó bá ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì gbọ́dọ̀ kọ́ iṣẹ́ báyìí: kó jẹun, kó wọṣọ, kó di ọ̀pá mú. Ẹ̀gbọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ọwọ́ òsì kọ́ lòun fi kọ́ ilé tóun ń gbé. Ó ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, òun á wá máa fi bu oúnjẹ sẹ́nu? Nítorí náà ìyàwó rẹ̀ ló ń fún un lóúnjẹ, ìtìjú ìyẹn kò sì jẹ́ kó lè gbé e mì. Ó yí àga rẹ̀ kọjú sí fèrèsé, ó ní òun ò fẹ́ àlejò. Àwọn ọmọṣẹ́ wá, wọ́n padà. Àbúrò wá, ó ń ṣe "pẹ̀lẹ́" láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀gbọ́n ní, "Má fi ojú àánú wò mí mọ́." Àbúrò lọ sílé, ó sì sunkún.

Ní ọjọ́ kan ìyàwó ẹ̀gbọ́n pè é lórí fóònù. Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló fi ń sọ̀rọ̀, kí ẹni tó wà ní pálọ̀ má bàa gbọ́.

"Àǹtí, ṣíbí mẹ́ta péré ni wọ́n jẹ láti àná. Wọ́n ń kú lọ lójú mi, kì í sì í ṣe àìsàn yẹn ló ń pa wọ́n."

Àǹtí Abẹ́rẹ́ jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, kò rán nǹkan kan. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ló ní láyé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í dá aránṣọ dúró pẹ́. Bí aṣọ kò bá bá ènìyàn mu, a kì í gé ènìyàn. Aṣọ la máa ń tú. Ó gbójú sókè wo páàdì Awakùsà lórí pẹpẹ, ó wo pẹ́dà àlòkù kan tó wà nísàlẹ̀ àpótí, ó sì kó méjèèjì sọdá títì lọ sọ́dọ̀ Bàbá Rédíò, àgbàlagbà tó ń tún rédíò ṣe, tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà pọ̀.

"Kí lo fẹ́ fi pẹ́dà ṣe lára géèmù?"

"Mo fẹ́ kó máa fò, Bàbá."

"Pẹ́dà ni kó máa fò?"

"Àní ẹni tí ọwọ́ ọ̀tún ò gbọ́ sí lẹ́nu, kó lè fi ẹsẹ̀ fò."

Bàbá Rédíò yọ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. "Bí o bá ti ń ya wèrè, èmi náà á ya wèrè díẹ̀." Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n tú páàdì, wọ́n jó wáyà gígùn méjì mọ́ ìdí bọ́tìnnì ìfò, wọ́n sì fà á wọ inú pẹ́dà. Àǹtí Abẹ́rẹ́ rán tìmùtìmù kan tó lè jókòó lórí itan, ó fi àpò sí i lára tó di páàdì náà mú pinpin kó má yẹ̀. Kò sí ẹni tó rán irú rẹ̀ rí. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ dọ́gba bí igun ìwé.

Awakọ̀ tó gbé e lọ sílé ẹ̀gbọ́n wo tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn gọngọ tí wọ́n ń tì sẹ́yìn ọkọ̀. "Màmá, tẹlifíṣọ̀n yìí ju èmi lọ lọ́jọ́ orí."

"Kí i nígbà náà," ni Àǹtí Abẹ́rẹ́ sọ.

Gbogbo àga tó wà ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ rẹ̀ ló kàn wọ́n. Ilẹ̀kùn tó ń fá lọ́jọ́ tó ṣubú wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fara ti ògiri, ìdajì rẹ̀ ń dán, ìdajì rẹ̀ kò tíì jọ̀lọ̀. Ẹ̀gbọ́n kò yíjú. Ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan kalẹ̀, ó gbọ́ bí àbúrò rẹ̀ ṣe ń mí gúlegúle, kò yíjú. Ìgbà tí orin géèmù náà bẹ̀rẹ̀, tí-tin-tí, tí-tin-tí, ló tó yí ọrùn díẹ̀díẹ̀.

"Kí nìyẹn?"

"Awakùsà ni, Bọ̀dá."

Ọkùnrin kékeré náà dúró lójú tẹlifíṣọ̀n, àtùpà orí rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Àǹtí Abẹ́rẹ́ ti kọ nọ́ńbà tó ń ṣí ihò kọkàndínlógójì sínú ìwé rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí náà ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ó yí àga ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà. Ó gbé tìmùtìmù lé e nítan, ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ lé páàdì, ó sì fi pẹ́dà sí ibi tó yẹ kó wà. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ kíákíá, bí ẹni tó ń bẹ̀rù kí wọ́n má lé òun jáde kó tó parí. Òsì á máa rìn, ẹsẹ̀ á máa fò. Ẹnikẹ́ni kò ní bá ẹ̀gbọ́n dá sí i. Òun nìkan ni yóò máa ṣe é. Àǹtí Abẹ́rẹ́ wá fa àga kan sún mọ́ ọn, ó jókòó.

Ẹ̀gbọ́n wo ìsàlẹ̀. "Ẹsẹ̀ wo lo gbé e sí?"

Àǹtí Abẹ́rẹ́ wò ó. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni. Ó gbé pẹ́dà síbi tí gbogbo aránṣọ ayé máa ń gbé pẹ́dà sí. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi wọn wáyà, tó wọn tìmùtìmù, tó wọn àpò. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni kò rántí wọ̀n. Ojú tì í débi tí etí rẹ̀ gbóná.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbé e sí..."

"Ẹsẹ̀ tó ti kú lo ní kí n máa fi fò." Ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ le. Ó fi ẹsẹ̀ òsì ti pẹ́dà náà dànù, pẹ́dà yọ̀ lórí ilẹ̀, ó sì lọ dúró níwájú àga tí àbúrò rẹ̀ jókòó sí. "Kó ẹrù ẹ. Máa lọ sílé."

Ó fẹ́ ti tìmùtìmù kúrò lórí itan pẹ̀lú. Níbi tó ti ń fi ìbínú tì í, àtàǹpàkò òsì rẹ̀ tẹ páàdì, awakùsà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó ń lọ, ó ń lọ, ó kọjú sí ọ̀gbun. Àǹtí Abẹ́rẹ́ ti dorí kodò, ó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ni kò wá ọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ náà bá pẹ́dà pàdé, ó sì ṣe ohun tó ti ń ṣe láti ọgbọ̀n ọdún: ó tẹ̀ ẹ́.

Awakùsà fò. Ó fò sókè fíìn, ó sì balẹ̀ sórí pákó tó ń lọ tó ń bọ̀.

Àwọn méjèèjì wò ó.

"Ta ló fò?" ni ẹ̀gbọ́n bi í.

"Ẹsẹ̀ mi ni. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀, Bọ̀dá."

Pákó gbé awakùsà lọ títí, kò sẹ́ni tó ní kó sọ̀ kalẹ̀, ó sì já sí ọ̀gbun. Ẹ̀gbọ́n ṣẹ́jú.

"Kí ló dé tó fi já?"

"Ẹ ò rìn ni."

"Èmi ni kí n rìn?"

"Òsì ló máa ń rìn, Bọ̀dá."

Ẹ̀gbọ́n wo ọwọ́ òsì rẹ̀ lórí tìmùtìmù náà. "Tún un bẹ̀rẹ̀," ló sọ níkẹyìn.

Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀, wọ́n já. Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀ nígbà kẹta, wọ́n já. Nígbà kẹfà, awakùsà kò tilẹ̀ dé etí ọ̀gbun tó fi fi orí gbá òkúta. Àǹtí Abẹ́rẹ́ la ẹnu, ọ̀rọ̀ tó sì ti wà lábẹ́ ahọ́n rẹ̀ láti ogójì ọdún jáde wẹ́rẹ́.

"Ìrìn yín ló pẹ́, Bọ̀dá."

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n, tó ń gé àlùbọ́sà ní kíṣìnnì, gbọ́ ohùn kan tó jọ ti ẹni tí wọ́n ń fún lọ́rùn. Ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó sáré wá sẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ rẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín. Apá kan ẹnu rẹ̀ ló lè rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ń rín in tọkàntọkàn, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó dáa," ni ẹ̀gbọ́n sọ nígbà tí ẹ̀rín jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. "Báwo lo ṣe máa ń ṣe é?"

Láti oṣù keje, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi ẹnikẹ́ni nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan nìyẹn. Àǹtí Abẹ́rẹ́ fa teépù yọ lọ́rùn, ó nà á sójú tẹlifíṣọ̀n.

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ kàn fọwọ́ bà á. Bó bá ku ìdajì ínṣì kó dé etí, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí pákó wá bá yín. Ẹ̀yin rò pé rírìn ni iṣẹ́ òsì. Dídúró ni iṣẹ́ ẹ̀."

Wọ́n ṣe é títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Wọn ò kọjá. Wọ́n dé orí pákó ní ìgbà mẹ́sàn-án, wọ́n dé òdìkejì ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì já padà. Ìyàwó gbé àwo ìrẹsì wá, ó fa àpótí ìjókòó sún mọ́ ọkọ rẹ̀ bó ti ń ṣe lójoojúmọ́, ó bu ìrẹsì sí ṣíbí, ó sì nà án síwájú. Ojú ẹ̀gbọ́n kò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. Ó na ọwọ́ òsì, ó gba ṣíbí náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi sẹ́nu.

Ọwọ́ ìyàwó ṣófo nínú afẹ́fẹ́. Ó wo Àǹtí Abẹ́rẹ́. Àǹtí Abẹ́rẹ́ ṣẹ́ ojú sí i pé kó má sọ nǹkan kan. Ìrẹsì ń dà sí ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó nù ún. Ó jẹ ẹ́ tó ìdajì àwo.

"Ogójì ọdún," ló sọ, tí oúnjẹ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Ogójì ọdún ni mo fi ń sọ fáyé pé èmi ni mo ń ṣiṣẹ́ nínú géèmù yìí. Pé ìwọ kàn ń rìn ni."

"Mo máa ń gbọ́ yín, Bọ̀dá."

"Ìrìn yẹn le," ni ẹ̀gbọ́n sọ. "O ò sọ fún mi."

Ó gbé ṣíbí kalẹ̀ sínú àwo, ó sì fi àtàǹpàkò òsì rẹ̀ padà sí ibi tí ti àbúrò rẹ̀ máa ń wà. Àǹtí Abẹ́rẹ́ nu ojú, ó wá pẹ́dà pẹ̀lú ẹsẹ̀, ó rí i, wọ́n sì tún jọ wọ inú ihò náà.